Bí A Ṣe Ń Dín Ìtóbi Fáìlì Kù Láìba Ẹ̀rí Inú Rẹ̀ Jẹ́

Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ orí rédíò fún àwọn olùgbọ́ ní Ẹdúnàbọ̀n àti agbègbè Orígbó

Ìwé ẹ̀rí, ìwé ọjọ́ ìbí, ìwé ìdánimọ̀ ọmọ ìbílẹ̀ àti fọ́tò páásípọ́ọ̀tù kì í tún ṣe ohun tí olùbéèrè ń kó sínú àpò lọ bá akọ̀wé ní ọ́fíìsì nìkan, nítorí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba, ilé-ẹ̀kọ́ gíga àti agbanisíṣẹ́ ló ń béèrè báyìí pé kí wọ́n sọ ọ́ di fáìlì, kí wọ́n sì gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àjọ JAMB, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1978 láti máa bójú tó ìgbaniwọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ń gba èsì ìdánwò àṣejáde girama lórí íntánẹ́ẹ̀tì; àjọ tó ń rí sí ìwọlé àti ìjáde ní Nàìjíríà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba fọ́tò àti ìwé àwọn tó ń tọrọ ìwé ìrìnnà ní ọ̀nà kan náà ní oṣù Kìíní ọdún 2024. Ní gbogbo irú ibùdó bẹ́ẹ̀, àṣẹ kúkúrú kan máa ń wà lójú ìwé, pé fáìlì kò gbọ̀dọ̀ tóbi ju iye kan pàtó lọ. Ẹni tí fáìlì tirẹ̀ bá sì fi díẹ̀ kọjá iye náà, ẹ̀rọ á dá a padà láìbéèrè bóyá ìwé ọ̀hún ṣe pàtàkì tàbí kò ṣe pàtàkì.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ọ̀pọ̀ ilé ní Ẹdúnàbọ̀n, ìlú kan lára àwọn ìlú Orígbó tó wà lábẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Ifẹ̀. Ìpetumodù, níbi tí oríkò ìjọba ìbílẹ̀ náà wà, tí Yunifásítì Odùduwà sì wà pẹ̀lú, kò jìnnà sí ìlú yìí, bẹ́ẹ̀ náà ni Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tó wà ní Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1961. Nítorí náà, ẹni tó ń wá àyè sí yunifásítì, ẹni tó fẹ́ lọ sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀, olùkọ́ tó ń tún ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀ gbà, òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì tó ń lé owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ àti ọmọ ìlú tó ń tọrọ ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ sí òkè òkun ló ń dé ìdí iṣẹ́ kan náà, yálà lórí fóònù ara wọn tàbí ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ fún aráàlú.

Ohun tí ẹ̀kọ́ yìí fẹ́ fi yé olùgbọ́ ni pé kì í ṣe fífún fáìlì pọ̀ títí yóò fi gba ẹnu ọ̀nà ni ọgbọ́n, bí kò ṣe mímọ ohun tó mú kí ó tóbi, kí a sì dín ìyẹn nìkan kù. Ìwé tí a fi ránṣẹ́ jẹ́ ẹ̀rí; òǹtẹ̀, ìbuwọ́lùwé, nọ́ńbà àti orúkọ tó wà nínú rẹ̀ sì ni iṣẹ́ tó wá ṣe. Bí fáìlì bá wọlé, ṣùgbọ́n tí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò kò lè ka òǹtẹ̀ náà, olùbéèrè kò tíì fi ohunkóhun ránṣẹ́.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ òṣùwọ̀n tí wọ́n ń lò. Báìtì ni orúkọ òṣùwọ̀n kékeré tí kọ̀ǹpútà fi ń wọn ohun tó bá tọ́jú, lẹ́tà kan ṣoṣo nínú ìwé tí a kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì sì máa ń gba báìtì kan. Ẹgbẹ̀rún báìtì ni wọ́n ń pè ní kílóbáìtì, tí wọ́n ń kọ báyìí pé KB. Ẹgbẹ̀rún kílóbáìtì ni mẹ́gábáìtì, tí wọ́n ń kọ báyìí pé MB. Ẹgbẹ̀rún mẹ́gábáìtì sì ni gígábáìtì, ìyẹn GB tí àwọn tó ń ra dátà fún fóònù wọn mọ̀ dáadáa. Àwọn ẹ̀rọ kan máa ń ka 1,024 níbi tí àwọn mìíràn ti ń ka 1,000, ìdí sì nìyí tí fáìlì kan fi lè jẹ́ MB 2.0 lójú ẹ̀rọ kan, kí ó sì jẹ́ MB 1.9 lójú òmíràn. Nítorí náà, ẹni tí wọ́n ní kí fáìlì rẹ̀ má ju MB 2 lọ kò gbọ̀dọ̀ jẹ́ kí ó dé góńgó iye náà rárá, kí ó sì fara balẹ̀ wo bóyá KB ni wọ́n kọ tàbí MB, nítorí ìlọ́po ẹgbẹ̀rún ló wà láàárín lẹ́tà méjì yìí.

Àwọn kan gbà pé ìnilára lásán ni òfin ìtóbi fáìlì, ṣùgbọ́n ìṣirò díẹ̀ lè fi ìdí rẹ̀ hàn. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò UTME ti JAMB ní ọdún 2024 lé ní 1,900,000. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú irú èrò bẹ́ẹ̀ bá fi ìwé kan tó jẹ́ MB 5 ránṣẹ́, àpapọ̀ rẹ̀ yóò tó GB 9,500, èyí tí iléeṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi pamọ́, kí ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ síbòmíràn nítorí ewu, kí ó sì máa sanwó rẹ̀ lọ́dọọdún. Bí ìwé kọ̀ọ̀kan bá sì jẹ́ KB 200 péré, àpapọ̀ rẹ̀ kò ju GB 380 lọ. Àǹfààní rẹ̀ kò mọ sọ́dọ̀ iléeṣẹ́ nìkan. Bí nẹ́tíwọ̀kì fóònù bá ń gbé mẹ́gábíìtì kan jáde láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí mẹ́gábíìtì mẹ́jọ sì jẹ́ mẹ́gábáìtì kan, fáìlì MB 26 yóò gba ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ààbọ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, nígbà tí fáìlì KB 300 kò ní gbà ju ìṣẹ́jú-àáyá méjì tàbí mẹ́ta lọ. Níbi tí iná ti lè lọ nígbàkígbà, tí nẹ́tíwọ̀kì sì lè já lẹ́nu iṣẹ́, ìyàtọ̀ yìí ló lè pinnu bóyá ìbéèrè dé kí àkókò tó tán.

Kí ni ó wá ń mú kí fáìlì tóbi? Ìdáhùn tó bo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀ràn mọ́lẹ̀ ni pé àwòrán ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀. Bí a bá mú ojú ìwé kan tó ní 3,000 lẹ́tà ní èdè Yorùbá, tí a sì gbà pé gbogbo lẹ́tà náà pátá ló ní àmì lórí àti àmì nísàlẹ̀, ìtóbi ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò ní ju KB 15 lọ, nítorí pé ní ìlànà tí kọ̀ǹpútà òde òní fi ń kọ lẹ́tà pamọ́, lẹ́tà ẹ máa ń gba báìtì 3, àmì ohùn tí a fi lé e lórí sì máa ń gba báìtì 2. Ẹni tó bá ń yọ àmì ohùn kúrò nínú ìwé Yorùbá nítorí kí fáìlì lè fúyẹ́, ohun tó ń sọ nù pọ̀ ju ohun tó ń rí gbà lọ, nítorí àmì wọ̀nyí kò ní ìwọ̀n kan tó ju eruku lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò kan ṣoṣo tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ ojú ìwé náà.

Àwòrán ní tirẹ̀ kò ní lẹ́tà kankan nínú lójú kọ̀ǹpútà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ fọ́tò ìwé ẹ̀rí tí lẹ́tà kún inú rẹ̀. Àmì bíńtín-bíńtín tí wọ́n ń pè ní píksẹ́ẹ̀lì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀, ni ó tò pọ̀ di àwòrán. Bí ẹ̀rọ tó ń ya ìwé sínú kọ̀ǹpútà, ìyẹn síkánà, bá ka píksẹ́ẹ̀lì 300 nínú ínǹṣì kọ̀ọ̀kan lórí ìwé A4, píksẹ́ẹ̀lì 2,480 ni yóò wà ní ìbú, 3,508 ní òòró, àpapọ̀ rẹ̀ yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 8.7. Bí ó bá jẹ́ àwòrán aláwọ̀ mèremère, báìtì 3 ni píksẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ń gbà, ojú ìwé kan ṣoṣo yóò sì tó MB 26 kí wọ́n tó fún un pọ̀. Bí wọ́n bá yà á ní àwọ̀ eérú, ìyẹn láti dúdú dé funfun àti gbogbo àwọ̀ tó wà láàárín wọn, báìtì kan ni píksẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan yóò gbà, ìtóbi rẹ̀ á sì já wálẹ̀ sí MB 8.7. Bí ó bá jẹ́ dúdú àti funfun nìkan, láìsí àwọ̀ kankan láàárín, báìtì kan yóò gba píksẹ́ẹ̀lì mẹ́jọ, ojú ìwé náà kò sì ní ju nǹkan bíi MB 1.1 lọ.

Òfin kejì tó wà nínú ìṣirò yìí ni pé bí a bá dín iye píksẹ́ẹ̀lì inú ínǹṣì kù sí ìdajì, kì í ṣe ìdajì ni ìtóbi fáìlì ń dínkù sí, bí kò ṣe ìdá mẹ́rin, nítorí ìbú àti òòró ló jọ ń dínkù. Ìwé A4 kan náà tí wọ́n yà ní píksẹ́ẹ̀lì 150 nínú ínǹṣì, ní àwọ̀ mèremère, yóò jẹ́ nǹkan bíi MB 6.5 kí wọ́n tó fún un pọ̀. Bí ó bá sì jẹ́ àwọ̀ eérú, yóò jẹ́ MB 2.2. Ẹni tó bá mọ òfin méjì yìí, ti àwọ̀ àti ti iye píksẹ́ẹ̀lì, ti mọ ibi tí ó yẹ kí ó ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó wá ètò ìfúnpọ̀ kankan kiri.

Ìfúnpọ̀ fúnra rẹ̀ pín sí ọ̀nà méjì. Ọ̀nà kìíní ni èyí tí kì í sọ ohunkóhun nù, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá tú fáìlì náà, gbogbo báìtì rẹ̀ á padà bí ó ṣe wà. Onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà nì, Claude Shannon, ló fi ìdí ìmọ̀ yìí lélẹ̀ ní ọdún 1948, nígbà tó fi hàn pé ohun tó bá ń ṣe léraléra nínú ìròyìn kò nílò àyè púpọ̀. Ní ọdún 1977, àwọn ọmọ Ísírẹ́lì méjì, Abraham Lempel àti Jacob Ziv, gbé ọ̀nà kan jáde tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ ọ̀rọ̀ tó ti wáyé tẹ́lẹ̀ nínú ìwé. Bí gbólóhùn bíi Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Ifẹ̀ bá wáyé nígbà ogún nínú ìwé kan, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ẹ̀rọ á kọ ọ́ tán, níbi yòókù á kàn fi àmì tọ́ka sẹ́yìn pé kí wọ́n lọ wo ti àkọ́kọ́. Lára ọmọ ọ̀nà yìí ni fáìlì ZIP, òun náà ló sì ń ṣiṣẹ́ nínú fáìlì DOCX tí Microsoft Word ń lò láti ọdún 2007. Ìdí nìyí tí fífi DOCX sínú ZIP lẹ́ẹ̀kejì kì í fi í mú un kéré, nítorí inú ZIP ni ó ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Bákan náà, ẹni tó kó fọ́tò sínú ZIP kí ó lè fúyẹ́ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rí èrè kankan níbẹ̀, nítorí wọ́n ti fún fọ́tò náà pọ̀ ṣáájú.

Ọ̀nà kejì ni èyí tó ń sọ nǹkan nù, òun sì ni wọ́n ń lò fún fọ́tò. Nasir Ahmed, ọmọ Íńdíà tó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú T. Natarajan àti K. R. Rao, ló gbé ìṣirò tó wà nídìí rẹ̀ jáde nínú ìwé ìwádìí ní ọdún 1974, ìlànà JPEG tí fóònù fi ń tọ́jú fọ́tò sì jáde ní ọdún 1992. Ẹ̀rọ á gé àwòrán sí igun mẹ́rin kéékèèké, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ píksẹ́ẹ̀lì 8 ní ìbú àti 8 ní òòró; á ṣe ìṣirò ìyàtọ̀ àwọ̀ tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan; á sì ju ìyàtọ̀ tí ojú ènìyàn kì í tètè rí nù. Bí iṣu tí wọ́n sọ di èlùbọ́ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ rí: ó fúyẹ́, ó rọrùn láti gbé, ohun tó ń bọ́ ènìyàn ṣì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n èlùbọ́ kò lè padà di iṣu tútù mọ́. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe jẹ́ dandan pé kí olùbéèrè tọ́jú fáìlì àkọ́kọ́ tó yà, kí ó má ṣe tọ́jú ẹ̀dà tí a ti dínkù nìkan, nítorí bí iléeṣẹ́ mìíràn bá béèrè ìwé kan náà lọ́la ní ìtóbi tó ju ti òní lọ, fáìlì tí wọ́n ti fún kò ní lè dáhùn.

Ìfúnpọ̀ JPEG dára fún ojú ènìyàn, fún àwọ̀ ara àti fún aṣọ, nítorí àwọ̀ wọn ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Kò dára tó bẹ́ẹ̀ fún lẹ́tà, nítorí dúdú lẹ́tà máa ń pàdé funfun bébà lójijì. Bí ìfúnpọ̀ bá ti pọ̀ jù, àbààwọ́n bí èéfín á bẹ̀rẹ̀ sí í hàn yí lẹ́tà ká. Èyí kan àwọn Yorùbá ní ọ̀nà pàtàkì, nítorí àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ ló máa ń kọ́kọ́ parẹ́. Bí àmì bẹ́ẹ̀ bá fẹ̀ ní ìdajì mìlímítà lórí bébà, nǹkan bíi píksẹ́ẹ̀lì 6 ni yóò kà nígbà tí wọ́n bá ya ìwé náà ní 300 nínú ínǹṣì. Ní 150, yóò ku 3. Ní 72, tí àwọn ètò ìdínkù kan máa ń lò, yóò ku ọ̀kan àti díẹ̀, kò sì sí bí òǹkàwé yóò ṣe mọ̀ bóyá àmì ni tàbí ìdọ̀tí. Ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti ní àwọn ibòmíràn tí wọ́n ti ń kọ àpilẹ̀kọ ní èdè Yorùbá, irú ìdínkù bẹ́ẹ̀ lè sọ iṣẹ́ ọdún mẹ́ta di ohun tí kò ṣeé kà, kí ó sì sọ orúkọ ẹni kan di orúkọ ẹlòmíràn.

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Níbi iṣẹ́ fáìlì, òkèèrè yẹn ni ìgbà tí wọ́n ń ṣẹ̀dá fáìlì náà. Bí ó bá jẹ́ ìwé tí olùbéèrè tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, bí ìwé ìbéèrè iṣẹ́ tàbí àpilẹ̀kọ, kò sí ìdí kankan láti tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kí ó tún ya fọ́tò bébà náà. Inú Word tàbí LibreOffice gan-an ni yóò ti sọ ọ́ di PDF. PDF, tí iléeṣẹ́ Adobe gbé jáde ní ọdún 1993, tó sì di ìlànà àgbáyé ní ọdún 2008, jẹ́ àpò tó lè gba lẹ́tà gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà, àwòrán gẹ́gẹ́ bí àwòrán, àti fọ́ńtì, ìyẹn ìrísí lẹ́tà tí wọ́n fi kọ ìwé náà. Ìwé ogún ojú ewé tí ọ̀rọ̀ nìkan wà nínú rẹ̀ kì í sábà dé MB 1 bí wọ́n bá ṣe é báyìí, ènìyàn sì tún lè wá ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Kí olùbéèrè má ṣe gbà kí ètò kankan yọ fọ́ńtì kúrò nínú PDF tí ó kọ ní Yorùbá, nítorí kọ̀ǹpútà tí kò bá ní fọ́ńtì náà lè fi igun mẹ́rin ṣófo rọ́pò àwọn lẹ́tà olámì.

Bí ó bá jẹ́ ìwé orí bébà, ìpinnu tó tọ́ ni kí wọ́n wo irú ìwé tó jẹ́. Ìwé tí ọ̀rọ̀ dúdú nìkan wà lórí rẹ̀ lè jẹ́ dúdú àti funfun ní 300 nínú ínǹṣì, nítorí ọ̀nà ìfúnpọ̀ kan wà fún irú èyí, tí wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ fáàsì ní àwọn ọdún 1980, tó lè dín in kù gidigidi láìsọ ohunkóhun nù. Ìwé tó ní òǹtẹ̀ dúdú tàbí ìbuwọ́lùwé tó ṣá yẹ kí ó jẹ́ àwọ̀ eérú ní 200. Ìwé tí àwọ̀ òǹtẹ̀ rẹ̀ ṣe pàtàkì, bí ìwé ìdánimọ̀ ọmọ ìbílẹ̀ tí òǹtẹ̀ aláwọ̀ àlùkò tàbí pupa wà lórí rẹ̀, yẹ kí ó wà ní àwọ̀ mèremère, kí wọ́n sì yà á ní 150 sí 200. Ẹni tó ń lo fóònù yẹ kí ó lo ètò ìyàwé tó wà nínú rẹ̀, tó ń gé etí ìwé tó sì ń mú ojú rẹ̀ tọ́, dípò kí ó ya fọ́tò lásán, nítorí fọ́tò lásán ń kó tábìlì, aṣọ àti òjìji wọ inú fáìlì, ó sì lè tọ́jú ibi tí wọ́n ti yà á sínú rẹ̀.

WhatsApp ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ní agbègbè yìí ń gbà fi ìwé ránṣẹ́ sí àwọn tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, níbẹ̀ sì ni ìwé púpọ̀ ti ń bàjẹ́ láìròtẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá fi ìwé ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí fọ́tò, WhatsApp á fún un pọ̀, á sì dín píksẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kù. Ẹni tó gbà á á tún fún un pọ̀ kí ó tó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Òǹtẹ̀ á sì ti di àbààwọ́n. Bí wọ́n bá yan ibi tí wọ́n kọ Document sí nígbà tí wọ́n ń fi í ránṣẹ́, fáìlì náà á dé bí ó ṣe wà. Lórí Gmail, MB 25 ni àpapọ̀ ohun tí ènìyàn lè so mọ́ lẹ́tà kan, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí lẹ́tà orí íntánẹ́ẹ̀tì gbà ń gbé fáìlì máa ń fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta kún ìtóbi rẹ̀, nítorí náà fáìlì MB 20 lè má gba ibẹ̀ kọjá.

Àṣìlò mìíràn tó wọ́pọ̀ ni pé àwọn kan máa ń lẹ fọ́tò ńlá mọ́ inú Word, wọ́n á fi máòsì fà á kí ó kéré, wọ́n á gé etí rẹ̀ kúrò, wọ́n á sì rò pé fáìlì ti fúyẹ́. Fọ́tò náà kàn kéré lójú ni. Gbogbo píksẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé, apá tí wọ́n gé kúrò pàápàá ṣì lè wà níbẹ̀, tí ẹlòmíràn sì lè tú u wò. Nínú Word, àṣẹ tí wọ́n ń pè ní Compress Pictures ló ń dín píksẹ́ẹ̀lì kù ní tòótọ́, tó sì lè pa apá tí wọ́n gé rẹ́ pátápátá. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀ nínú PDF pẹ̀lú, níbi tí ojú ewé tí wọ́n yọ ti lè wà nínú fáìlì síbẹ̀, títí wọn yóò fi tún fáìlì náà tọ́jú ní àkọ̀tun pẹ̀lú orúkọ mìíràn.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, bí fáìlì bá ṣì tóbi ju iye tí wọ́n ní kí ó jẹ́, ìgbà náà ni ètò ìfúnpọ̀ kàn. LibreOffice, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, máa ń béèrè iye píksẹ́ẹ̀lì àti dídára JPEG nígbà tó bá ń ṣe PDF. Ghostscript, tó ti wà láti ọdún 1988, lè fún PDF tó ti wà tẹ́lẹ̀ pọ̀. Méjèèjì sì ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà olùbéèrè láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Àǹfààní ìkẹyìn yìí tóbi púpọ̀. Ojú òpó ọ̀fẹ́ tó ń dín fáìlì kù pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé ìwé ẹ̀rí, nọ́ńbà NIN tàbí ìwé báǹkì rẹ̀ lọ síbẹ̀ ti fi ẹ̀dà rẹ̀ lé ọwọ́ ẹni tí kò mọ̀. Òfin ìdáàbòbò ìròyìn ara ẹni tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2023 fún aráàlú ní ẹ̀tọ́ lórí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀, ó sì di ojúṣe lé àwọn tó ń gbà á lórí. Síbẹ̀, ó sàn kí ìwé má jáde ju kí a máa lé e kiri lẹ́yìn tó ti jáde. Àwọn tó ń ṣí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà náà ní ojúṣe: wọ́n gbọ́dọ̀ máa pa ìwé oníbàárà rẹ́ kúrò lórí ẹ̀rọ wọn bí iṣẹ́ bá ti parí.

Kí fáìlì tó lọ, àyẹ̀wò mẹ́ta yẹ kí ó wáyé. Kí wọ́n ṣí i ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an lójú kọ̀ǹpútà, kí wọ́n sì ka nọ́ńbà tó kéré jù lọ lórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ inú òǹtẹ̀ àti gbogbo àmì orúkọ. Kí wọ́n wò ó bóyá irú fáìlì tí wọ́n béèrè ni, nítorí ibi tí wọ́n ti ń gba JPEG lè má gba PDF. Kí wọ́n sì fún fáìlì ní orúkọ kúkúrú tí kò ní àlàfo tàbí àmì, nítorí àwọn ẹ̀rọ kan máa ń kọ̀ láti gba orúkọ fáìlì tó ní àmì ohùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ìwé fúnra rẹ̀ kò gbọ̀dọ̀ pàdánù àmì kankan. PDF tí iléeṣẹ́ kan ti fọwọ́ sí lọ́nà ti kọ̀ǹpútà kò ṣeé fún pọ̀ rárá, nítorí ìyípadà èyíkéyìí yóò sọ ìfọwọ́sí náà di asán. Ohun tó tọ́ ni kí wọ́n bá iléeṣẹ́ tó ń gbà á sọ̀rọ̀.

Kì í ṣe olùbéèrè nìkan ló yẹ kí a bá wí. Iléeṣẹ́ tó bá ń gba ìwé gbọ́dọ̀ kọ ìtóbi, irú fáìlì àti iye ojú ewé tó fẹ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ ìwé ìbéèrè, kí ó má jẹ́ ìgbà tí olùbéèrè bá ti kún gbogbo ojú ìwé tán ni yóò tó mọ̀. Iléeṣẹ́ tó bá ní kí ìwé ẹ̀rí ojú ewé mẹ́ta má ju KB 100 lọ ń fi ipá mú àwọn ènìyàn láti ba ẹ̀rí ara wọn jẹ́, òun kan náà ni yóò sì padà kọ̀ ọ́ pé kò ṣeé kà. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Orígbó, ní Ẹdúnàbọ̀n àti ní Ìpetumodù pẹ̀lú, lè fi ìṣirò píksẹ́ẹ̀lì àti báìtì sínú ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà, nítorí ìsọdipúpọ̀ lásán ni, ó sì wúlò ní ọdún tí akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún JAMB. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá mọ ìdí tí ojú ìwé kan fi jẹ́ MB 26, tó sì mọ bí yóò ṣe sọ ọ́ di KB 300 pẹ̀lú òǹtẹ̀ rẹ̀ ní pípé, kò ní máa sanwó ní ìgbà mẹ́ta fún iṣẹ́ kan, kò sì ní jẹ́ kí àyè tí ó tọ́ sí i bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nítorí ìwé tí a fún pọ̀ jù.